Ọjọ́ Pé, Ṣé Iṣẹ́ Ti Jinná?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn Onígbàgbọ́ káàkiri ayé ń ṣe ìrántí ikú Olúwa wọn, ọ̀gbẹ́ni kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Andres Freund kéde ọ̀rọ̀ kan tí ó mú kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kọ̀ǹpútà fi ìsinmi àjọ̀dún sílẹ̀, tí wọ́n sáré padà sí ìdí ẹ̀rọ wọn. Ọ̀gbẹ́ni yìí wà lára àwọn tí ń tún ètò PostgreSQL ṣe, èyí tí a fi ń to àkọsílẹ̀ púpọ̀ jọ sínú kọ̀ǹpútà. Níbi tí ó ti ń wọn bí ètò náà ti ń yára sí, ó ṣàkíyèsí pé ọ̀nà tí ènìyàn máa ń gbà wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, tí wọ́n ń pè ní SSH, ti ń lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí ó máa ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan ti wá ń gba ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ìyàtọ̀ náà kò ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Ẹlòmíràn ìbá gbójú fò ó. Ọ̀gbẹ́ni Freund kò gbójú fò ó. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé ìdí ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní xz, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó fún fáìlì ńlá pọ̀ kí ó lè di kékeré. Nínú ètò yìí ni ẹnì kan ti fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sí. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè wọ inú kọ̀ǹpútà onílé, kí ó sì ṣe ohun tí ó bá wù ú níbẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀dà xz tí májèlé yìí wà nínú rẹ̀ ti jáde láti ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún náà. Ó ti lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún níta. Síbẹ̀, kò tíì dé inú àwọn ẹ̀dà Linux tí a ti fi òǹtẹ̀ lù, irú èyí tí àwọn ilé ìfowópamọ́, ilé ìwòsàn àti iléeṣẹ́ ìjọba máa ń lò. Ibi tí ó pọ̀ sí jù ni iyàrá ìdánwò, ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ti gbà láti máa kọ́kọ́ tọ́ ohun tuntun wò. Ohun tí ó dá a dúró níbẹ̀ kì í ṣe ọlọ́pàá tàbí òfin orílẹ̀-èdè kankan. Kàlẹ́ńdà ni. Ọ̀rọ̀ bí àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti ń yan ọjọ́, bí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí ọjọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àti bí wọ́n ti ń dán iṣẹ́ ara wọn wò kí ó tó dé ọwọ́ aráyé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nìkan. Ó kan gbogbo ẹni tí ó ní fóònù lápò.

IṢẸ́ ÀJỌṢE TÍ KÒ NÍ Ọ̀GÁ

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ni yékéyéké, ó yẹ kí a mọ irú iṣẹ́ tí à ń wí. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ṣe ètò kọ̀ǹpútà láti tà, ó sábà máa ń fi àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ pamọ́, bí oníṣègùn ti ń fi orúkọ ewé inú àgbo rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n irú ètò mìíràn wà tí àwọn tí ó ṣe é tẹ́ àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba. Ẹnikẹ́ni lè kà á, ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe, ẹnikẹ́ni sì lè lò ó. Èyí ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní open source. Linux wà nínú irú wọn, òun sì ni ọkàn gbogbo fóònù Android tí àwọn ọlọ́jà Dùgbẹ̀ àti Balógun fi ń wò bóyá owó ti wọlé. Òun kan náà ni ó ń darí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà ńláńlá tí íntánẹ́ẹ̀tì gbé ara lé.

Àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí fọ́n káàkiri ayé. Àwọn kan ń gba owó oṣù nídìí rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó gbà wọ́n. Àwọn mìíràn ń fi alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ọ̀gá kan tí ó lè pe gbogbo wọn jọ kí ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n parí rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Níbẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ń kọ́ ilé kan pọ̀, tí ẹnì kan ń mọ ògiri, tí òmíràn ń kan òrùlé, tí ẹlòmíràn sì ń fa wáyà iná, ta ni yóò sọ pé ilé ti tó wọ̀? Bí a bá dúró de ẹni tí ń kùn ún, ẹni tí ń fa wáyà lè ní òun fẹ́ tú ti àná. Bí a bá sì kó wọ inú rẹ̀ láìdúró, òrùlé lè já lé àlejò lórí.

Ọ̀nà méjì ni aráyé mọ̀ láti yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kìíní dàbí ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ ọjà kì í yẹ̀. Kì í sì í dúró de aláró tí àdìrẹ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Èyí tí ó bá gbẹ ni yóò kó lọ, èyí tí kò bá gbẹ di ti ọjà mìíràn. Ọ̀nà kejì dàbí ẹni tí ń se ẹ̀wà. Kò sí ẹni tí ó lè fi aago sọ ìgbà tí ẹ̀wà yóò rọ̀. Ìgbà tí ó bá jinná ni a ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti tọ̀, wọ́n sì ti rí ìyà àti èrè tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ÌDÍ TÍ LINUX FI YAN ỌJỌ́ ỌJÀ

Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì ìlú Helsinki nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ Linux. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ìlànà ẹlẹ́wà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Wọ́n gbé ẹ̀dà 2.4 jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2001, ẹ̀dà 2.6 kò sì jáde títí di oṣù Kejìlá ọdún 2003. Ní gbogbo nǹkan bí ọdún mẹ́ta yìí, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń pín Linux fún àwọn oníbàárà wọn kò lè káwọ́ lẹ́yìn kí wọ́n máa wòran. Wọ́n ń já nǹkan tuntun gbà láti inú ìkòkò tí ó ṣì wà lórí iná, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀dà àtijọ́ tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Bí Linux ti ilé iṣẹ́ kan ṣe di ohun tí kò bá ti ẹlòmíràn mu dáadáa mọ́ nìyẹn. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú sì mọ̀ pé bí iṣẹ́ àwọn kò bá bá ìgbéjáde yìí lọ, ó lè tó ọdún mẹ́ta kí òmíràn tó dé. Ìdí nìyí tí olúkúlùkù fi ń fẹ́ kí wọ́n dúró de tòun díẹ̀ sí i, tí ìdúró náà sì ń gùn sí i.

Láti nǹkan bí ọdún 2005 ni wọ́n ti yí ìlànà padà. Bí Ọ̀gbẹ́ni Torvalds bá ti gbé ẹ̀dà kan jáde, ilẹ̀kùn a ṣí fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì yìí ni àwọn olórí ẹ̀ka yóò kó iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ti tò jọ wá. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn a tì. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ohun tuntun mọ́; àtúnṣe àbùkù nìkan ni wọ́n ń gbà. Ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà ìdánwò kan a jáde kí àwọn tí ó bá fẹ́ lè lò ó kí wọ́n sì sọ ohun tí ojú wọn rí. Bí ẹ̀dà ìdánwò bá ti di méje tàbí mẹ́jọ, tí ìròyìn àbùkù sì ti lọ sílẹ̀, ẹ̀dà tòótọ́ a jáde. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá lọ. Nínú ìgbéjáde kan ṣoṣo, àyípadà tí ó ń wọlé sábà máa ń lé ní 10,000.

Àǹfààní tí ó wà nínú ìlànà yìí kò hàn sí ojú lásán. Nítorí pé ọjà mìíràn kò jìnnà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì tó kò ní ìdí láti fi ipá tì í wọlé. Kò ní pàdánù ju oṣù méjì lọ. Ọjọ́ tí kò yẹ̀ ni ó wá sọ sùúrù di ohun tí kò náni lówó. Nígbà tí ìgbéjáde ń pẹ́, gbogbo ènìyàn ni ó ń kánjú. Nígbà tí ó wá ń yá, àyè ìfarabalẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì kéré fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ láti pàdé ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ní àjọ-ibi kan tí wọ́n ń pè ní linux-next, níbi tí wọ́n ti ń da gbogbo iṣẹ́ tí ń bọ̀ pọ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ èyí tí yóò bá èkejì jà kí ọjọ́ ọjà tó pé. Àwọn kọ̀ǹpútà tí kì í sùn tún wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Intel ní àwọn ẹ̀rọ tí ń yẹ àyípadà wò bí ó bá ti ń jáde. Google náà ní èyí tí wọ́n ń pè ní syzbot, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa fi ìbéèrè ìsọkúsọ da Linux láàmú tọ̀sán tòru títí yóò fi rí ibi tí yóò ti ṣubú. Lórí gbogbo èyí ni òfin kan wà tí Ọ̀gbẹ́ni Torvalds kì í fi ṣeré: ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ fún aráàlú lánàá kò gbọdọ̀ tìtorí àtúnṣe òní bàjẹ́.

DEBIAN ÀTI ÌLÀNÀ ẸLẸ́WÀ

Linux kì í dá ṣiṣẹ́. Ó nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ètò mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó di ohun tí ènìyàn lè lò. Àwọn tí ń kó gbogbo wọn jọ sínú ìdì kan náà ni ó ń jìyà ọ̀rọ̀ ọjọ́ jù lọ, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ètò náà ní olùtọ́jú tirẹ̀ àti ọjọ́ ìgbéjáde tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó ti pẹ́ jù nídìí iṣẹ́ yìí ni Debian, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní ọdún 1993.

Ìgbà tí ó bá jinná ni Debian ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, wọn kò sì fi èyí bò. Iyàrá mẹ́ta ni ìdì kọ̀ọ̀kan ń là kọjá. Iyàrá kìíní ni a ń pè ní sid. Láti inú fíìmù Toy Story ni Debian ti ń mú orúkọ fún àwọn ẹ̀dà rẹ̀, Sid sì ni ọmọdékùnrin inú fíìmù náà tí ó máa ń ba ohun ìṣeré jẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí yóò ti mọ ohun tí ó yẹ kí ó máa retí níbẹ̀. Bí ìdì kan bá ti lo ọjọ́ díẹ̀ nínú sid, ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ márùn-ún, tí ẹnikẹ́ni kò rí àbùkù ńlá lára rẹ̀, tí kò sì ba ìdì mìíràn jẹ́, yóò kọjá sí iyàrá kejì, èyí tí í ṣe iyàrá ìdánwò. Níbẹ̀ ni yóò wà títí ọjọ́ ìtìlẹ̀kùn yóò fi dé. Iyàrá kẹta ni ti àwọn ìdì tí a ti fi òǹtẹ̀ lù. Ohun tí ó bá wà níbẹ̀ kì í yí padà mọ́, àfi bí ó bá ṣe àtúnṣe àbùkù ńlá tàbí ti ààbò.

Ìlànà ẹlẹ́wà yìí kò ṣàì ní ìyà tirẹ̀. Debian 3.0 jáde ní oṣù Keje ọdún 2002. Ẹ̀dà tí ó tẹ̀ lé e kò dé títí di oṣù Kẹfà ọdún 2005. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lò ó ni ó ráhùn pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ti di ògbólógbòó. Láti inú ẹ̀kọ́ yìí ni Debian ti wá fi ọgbọ́n ọjà kún ọgbọ́n ẹlẹ́wà. Lónìí, wọn kì í tètè kéde ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ń kéde ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Fún Debian 13, ìpele kìíní ìtìlẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2025, èkejì ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún. Bí ìpele kọ̀ọ̀kan ti ń dé ni ihò tí nǹkan lè gbà wọlé ń kéré sí i, títí ó fi jẹ́ pé àwọn alábòójútó ìgbéjáde gbọ́dọ̀ yẹ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó kọjá. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ni ẹ̀dà náà jáde.

UBUNTU DÁ ỌJỌ́, Ó SÌ YẸ̀ Ẹ́ LẸ́Ẹ̀KAN

Ní ọdún 2004, ọmọ ilẹ̀ South Africa kan, Mark Shuttleworth, kó àwọn kan jọ láti inú ẹgbẹ́ Debian, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ Ubuntu, tí ó fi ọ̀rọ̀ àwọn ará Gúúsù Áfíríkà tí ó túmọ̀ sí ìwà ọmọlúwàbí sí ọmọnìkejì ṣe orúkọ. Ohun tí Debian ti tò jọ ni wọ́n ń mú, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà ni wọ́n yàn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Ubuntu ń jáde, ní oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹwàá. Ọdún àti oṣù náà gan-an ni wọ́n fi ń ṣe orúkọ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, tí ó fi jẹ́ pé èyí tí ó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004 ń jẹ́ 4.10.

Ẹni tí ó bá fi oṣù ṣe orúkọ ọmọ rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ sábẹ́ ìdè. Ní ọdún 2006, ẹ̀dà tí ó yẹ kí ó jẹ́ 6.04 kò tíì tó nígbà tí oṣù Kẹrin ń sún mọ́lé. Ẹ̀dà náà sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò fi ọdún púpọ̀ tọ́jú. Ọ̀gbẹ́ni Shuttleworth àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ró ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì sún ọjọ́ síwájú pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Oṣù Kẹfà ni ó jáde, 6.06 ni ó sì ń jẹ́ títí di òní. Orúkọ náà dàbí àpá tí ó wà lójú ẹni tí ó ti ja ìjà rere: ó ń rán gbogbo ènìyàn létí pé ọjọ́ jẹ́ ìlérí, ṣùgbọ́n ìlérí tí ó ju ìyẹn lọ wà, èyíinì ni pé ohun tí a gbé fún ni kò ní dójú tì ni.

ÀWỌN ATÚMỌ̀ ÈDÈ PẸ̀LÚ Ń WO KÀLẸ́ŃDÀ

Àwọn kan wà tí a kì í sábà rántí bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbéjáde. Àwọn ni atúmọ̀ èdè. GNOME, èyí tí í ṣe ojú tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ń lo Linux ń rí lórí ẹ̀rọ wọn, ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Nínú kàlẹ́ńdà GNOME, ọjọ́ kan wà tí ó jẹ́ pé láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ tí yóò hàn lójú ẹ̀rọ padà láìgba àṣẹ. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ rí lè rò pé òfin yìí le jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi odindi ọjọ́ kan wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá a mu ní èdè rẹ̀, tí ó sì jí ní ọjọ́ kejì tí ó rí i pé wọ́n ti yí gbólóhùn náà padà, mọ ohun tí òfin náà ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn kò bá tì fún ọ̀rọ̀, èdè tí ènìyàn púpọ̀ ń ṣiṣẹ́ fún nìkan ni yóò máa bá ìgbéjáde dọ́gba. Àwọn èdè tí òṣìṣẹ́ wọn kò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ yóò máa rìn lẹ́yìn nígbà gbogbo.

Èdè Yorùbá náà kò sí lẹ́yìn òde nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú glibc, èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ ètò orí Linux fi ń bá Linux sọ̀rọ̀, fáìlì kan wà tí ó ń jẹ́ yo_NG. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń wo bí a ti ń pe orúkọ ọjọ́ àti oṣù ní èdè Yorùbá. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni glibc ń jáde, ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹjọ. Ẹni tí ó bá rí àṣìṣe àmì ohùn kan níbẹ̀ tí ó sì fẹ́ tún un ṣe ní láti mọ ọjọ́ ọjà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò dúró de òmíràn.

OHUN TÍ ÌDÁNWÒ KÒ BÉÈRÈ

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ilẹ̀kùn àti kàlẹ́ńdà nìkan tó. Ní ọdún 2006, olùtọ́jú ìdì kan nínú Debian yọ ìlà díẹ̀ kúrò nínú OpenSSL, ètò tí a fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ohun èlò kan tí a fi ń wá àbùkù ni ó ti ń ráhùn nípa àwọn ìlà náà, ọwọ́ rere ni ó sì fi yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà náà ni ó ń mú kí kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Nígbà tí wọ́n ti kúrò, irú kọ́kọ́rọ́ kan ní ìwọ̀n kan kò lè ju 32,768 lọ mọ́, iye tí kọ̀ǹpútà kékeré lè ṣe tán láìpẹ́ ọjọ́.

Ìdì yìí la iyàrá kìíní kọjá. Ó la ti ìdánwò kọjá. Ó la ìtìlẹ̀kùn kọjá, ó sì bá ẹ̀dà Debian tí ó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2007 dé ilé oníbàárà. Oṣù Karùn-ún ọdún 2008 ni Luciano Bello, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, tó rí i. Ní ọjọ́ náà, àwọn tí ń tọ́jú kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ àgádágodo. Kí ló dé tí ìdánwò kò fi mú un? Nítorí pé kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣí ilẹ̀kùn dáadáa ni. Gbogbo ìdánwò ni ó béèrè bóyá kọ́kọ́rọ́ ṣí. Kò sí èyí tí ó béèrè iye ènìyàn mìíràn tí ó ní irú rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí a kò bá béèrè, ìdánwò kò lè dáhùn rẹ̀. Ìdí nìyí tí àkókò ìdúró fi ṣe pàtàkì, nítorí pé ó ń fún ojú ènìyàn láàyè láti rí ohun tí ẹ̀rọ kò mọ̀ láti wá.

BÍ ỌTA TI Ń KA KÀLẸ́ŃDÀ

Ọ̀rọ̀ xz tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni ó wá fi gbogbo èyí hàn kedere. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń tọ́jú xz fún ọdún púpọ̀, láìgba owó, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 2021 ni ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í mú iṣẹ́ wá, iṣẹ́ tí ó dára. Àwọn orúkọ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí sì ń dún mọ́ olùtọ́jú náà létí pé iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ́ra, kí ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ó yá, ó fún Jia Tan ní àṣẹ láti máa gbé ẹ̀dà tuntun jáde.

Ibi tí Jia Tan fi májèlé pamọ́ sí ni ó yẹ kí ó ya ènìyàn lẹ́nu. Ètò bíi xz nílò àwọn fáìlì tí a mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́, kí a lè dán an wò bóyá yóò dá wọn mọ̀. Inú àwọn fáìlì ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni ó fi májèlé sí, nítorí pé kò sí ẹni tí í ka fáìlì tí ó ti bàjẹ́. Àṣẹ tí yóò sì jí májèlé náà kò sí nínú àkọsílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń kà ní gbangba. Inú ìdì tí ó fi ṣe ìgbéjáde nìkan ni ó wà. Ìdánwò àti ìgbéjáde, ohun méjì tí a fi ń dáàbò bo iṣẹ́, ni olè yìí sọ di aṣọ ìbora.

Bí ẹ̀dà náà ti jáde, ìrọni bẹ̀rẹ̀. Ubuntu 24.04, tí wọn yóò fi ọdún márùn-ún tọ́jú, ni yóò jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti ń tì. Ní ìparí oṣù Kẹta, àwọn orúkọ àjèjì ń bẹ àwọn olùtọ́jú Debian àti Ubuntu pé kí wọ́n tètè gba ẹ̀dà xz tuntun wọlé. Ó hàn gbangba pé ọta pẹ̀lú mọ ọjọ́ ọjà. Bí ó bá lè wọlé kí ilẹ̀kùn tó tì pátápátá, ọdún márùn-ún ni yóò fi jókòó sínú ilé onílé.

Debian sid ni Ọ̀gbẹ́ni Freund ń lò nígbà tí ó rí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tí ó sọnù, iyàrá ọmọ tí ń ba ohun ìṣeré jẹ́. Bí kò bá sí àwọn tí ó gbà láti gbé inú iyàrá náà, kò sí ẹni tí ìbá rí i. Lẹ́yìn ìkéde rẹ̀, Debian dá xz padà sí ti àtijọ́. Ubuntu ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dà ìdánwò tí ó yẹ kí ó jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ni wọ́n sún sí ọjọ́ 11, kí wọ́n lè tún àwọn ìdì tí wọ́n ti ṣe láti ìgbà tí xz burúkú náà ti dé ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí ó rí eku nínú àmù tí ó da gbogbo omi nù tí ó sì fọ àmù kí ó tó tún un pọn. Síbẹ̀, ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin kò yẹ̀. Ubuntu 24.04 jáde ní ọjọ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó la kàlẹ́ńdà sílẹ̀ kò fi ọjọ́ ìdánwò lẹ̀ mọ́ ọjọ́ ìgbéjáde pẹ́kípẹ́kí. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ń sọ fún un pé àtúnṣe tuntun ti dé kò gbọdọ̀ kà á sí ìyọlẹ́nu, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi oorun wọn dí i kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní àwọn yunifásítì wa pẹ̀lú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ó lè kọ ètò tuntun nìkan ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ẹni tí ó bá lè lo ẹ̀dà ìdánwò, tí ó sì lè sọ ní pàtó ohun tí ó ṣe, ohun tí ó retí àti ohun tí ojú rẹ̀ rí, ti ṣe iṣẹ́ tí àwọn olùtọ́jú kò lè ṣe fúnra wọn. Kò sí iye ẹ̀rọ tí ó lè rọ́pò ojú tí ó mọ̀ pé nǹkan kò rí bí ó ti rí lánàá.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Àwọn tí ó dá ọjọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ wọn ṣe dáadáa. Àwọn tí ó sì lè sọ ní ọjọ́ náà pé iṣẹ́ kò tíì jinná, láìtijú, ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.